Ikán Nínú Yàrá Àkọ́bí

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta

Kékeré mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti ń dẹwọ́? Èmi wà, ara ò sì le ju bó ṣe yẹ fún ẹni tó ń fojoojúmọ́ po ìyẹ̀fun. Ààrò ṣì ń gbóná. Àwọn oníbàárà ṣì ń tò síwájú ilé láàárọ̀, wọ́n ṣì ń ráhùn pé búrẹ́dì mi kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Mo ní kí wọ́n lọ ra ti ẹlòmíì. Wọn ò lọ.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lánàá. Kò tíì dá tán tí ẹ̀sunsun fi bo gbogbo ilé, wọ́n bo gílóòbù pálọ̀ títí iná fi ṣú. Mo rò pé ojú fèrèsé ni wọ́n gbà wọlé, ṣùgbọ́n fèrèsé wà ní títì. Abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ ni wọ́n ti ń tú jáde bí omi. Mo gbá ìyẹ́ wọn títí garawa fi kún.

Ọ̀rọ̀ míì tún wà, mi ò sì fẹ́ kí o fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ń rìn nínú yàrá náà. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, mo máa ń gbọ́ ọ: tẹ̀ẹ̀, tẹ̀ẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ará ilé. O mọ̀ pé bó ṣe máa ń rìn nìyẹn tó bá pẹ́ níta. Mo ń gbé búrẹ́dì sẹ́nu ọ̀nà fún un. Kì í ku èérún kan nílẹ̀.

Ìwọ ló ń pa kòkòrò fún àwọn ẹni ẹlẹ́ni níbẹ̀, torí náà sọ ohun tí mo lè fi lé ẹ̀sunsun fún mi. Ṣùgbọ́n má sọ pé kí n ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Kọ̀wé kíá. Èyí tí o kọ kẹ́yìn kò ju ojú ìwé kan lọ, àfi bí ẹni tí mọ́tò ń dúró dè.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹrin

Ìyá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Mo gba lẹ́tà yín, inú mi dùn, nígbà tí mo sì kà á tán, ara mi bù máṣọ.

Òtútù ti ń lọ níbí. Àsìkò èèrà la wà. Bí ilẹ̀ bá ti ń móoru báyìí, wọn á wọ kíṣìnì àwọn ènìyàn, wọn á tò lórí tábìlì bí ọmọ ilé ìwé. Fóònù ọ́fíìsì wa kì í sinmi. Èmi àti ọ̀gá mi a gbé ike oògùn kọ́ ẹ̀yìn, a ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, ohun kan náà la sì ń sọ fún gbogbo wọn: ẹ nu ṣúgà tó dà sílẹ̀, ẹ dí ihò tí wọ́n ń gbà wọlé, torí bí ẹ ṣe ń pa èyí tí ẹ rí, èyí tí ẹ ò rí ń bímọ.

Ìyá mi, ohun tó jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn yẹn kì í ṣe àlejò òjò. Ẹ̀sunsun tó bá ti inú ilé fò, inú ilé ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ikán ni. Wọ́n ti tẹ̀dó síbẹ̀ tipẹ́. Ẹ ní kí n má sọ ọ́, mo sọ ọ́: ẹ ṣí yàrá ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ pe káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kó yẹ igi ẹnu ọ̀nà àti igi òrùlé wò. Kí òjò tó wọlé tán, ẹ kó igi ìdáná tó fara ti ògiri kúrò, ẹ la ojú gọ́tà, ẹ da omi inú agolo àti inú táyà nù, torí ẹ̀fọn ló kàn.

Ẹ má sì gbé búrẹ́dì sílẹ̀ mọ́. Eku ló ń jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbọ́ ohùn mi lórí fóònù, tí a fi padà sí lẹ́tà kíkọ, báwo lẹ ṣe ń gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹfà

Kékeré,

O kú ẹnu. Eku! Ta lò ń pè ní eku? Mo ti pinnu pé mi ò ní dá ọ lóhùn rárá, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́.

Mo gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu nípa ìyókù. Mo la gọ́tà. Mo da omi agolo nù, ẹ̀fọn sì dín kù, mo ń rí oorun sùn. Igi ìdáná ti kúrò lára ògiri, mo tò ó sórí bíríkì. Káfíńtà wá. Ó fi èékánná họ igi ilẹ̀kùn yẹn, ó mi orí, ó ní òun fẹ́ wọlé. Mo ní kó máa lọ. Ó ní, "Màmá, igi yìí ti di páálí." Mo ní, "Ìwọ náà ti di wòlíì." Ó bínú lọ.

O béèrè etí. Etí kọ́ ni mo fi ń gbọ́ ọ, àtẹ́lẹsẹ̀ ni. Mo bọ́ bàtà, mo dúró lórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ń gba ilẹ̀ wá bá mi. Nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì ń pẹ́ níta, orí sìmẹ́ńtì yẹn náà ni mo ti máa ń dúró, mo sì mọ ta ló ń bọ̀ kí ó tó kan ilẹ̀kùn.

Ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ lọ, bóyá o ti gbàgbé. Ó jí, ó wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fi í kọ́ ìṣó, ó wọ òmíràn. Ó ní iṣẹ́ kan wà ní etíkun, pé òun ò ní pẹ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ní, "Ìyá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan mi o." Mo ní ó dáa. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un kẹ́yìn nìyẹn. Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ní ó rì lọ́dún yẹn, wọn ò rí i nínú àwọn tó yọ, wọn ò sì rí ẹni tó lè búra pé ó wọ̀ ọ́. Ṣé kí n wá di òpùrọ́ sí i nítorí ikán?

Bí o bá tún dárúkọ eku, má kọ̀wé sí mi mọ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹjọ

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú. Mi ò gbàgbé. Èmi ni mo gbé báàgì rẹ̀ dé ìdíkọ̀.

Ooru ti mú níbí, agbọ́n la ń bá jà. Abẹ́ òrùlé ni wọ́n ń kọ́lé sí. Ẹni tí kò bá yọ ilé náà nígbà tó ṣì kéré bí ife tíì, á tó orí ènìyàn kí ooru tó lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n rán mi sí ilé kan ní ìpẹ̀kun ìlú. Mo ti gun àkàbà, mo ti bo ojú, mo ti wọ ìbọ̀wọ́, ni mo gbọ́ tí ẹnìkan ń súfèé nínú yàrá òkè. Orin kọ́. Súfèé àárín eyín ni, tó máa ń já, tí á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ ẹni tó máa ń súfèé bẹ́ẹ̀ tó bá ń dán bàtà.

Mo gbàgbé agbọ́n. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wọ ilé onílé láìkànkùn, mo gun àtẹ̀gùn. Ọkùnrin kan jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká aṣọ sínú àpótí. Ó gbójú sókè. Òun kọ́. Ó ní, "Ṣé ẹ ti parí ni?" Mo yí ẹ̀yìn padà, mo sọ̀ kalẹ̀. Agbọ́n ti ta mí lọ́rùn, mi ò mọ̀ títí mo fi délé.

Mi ò sọ èyí fún yín rí. Gbogbo ilé tí mo bá wọ̀ níbí, ojú àwọn ará ilé ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó wo kòkòrò. Bóyá ìdí tí mi ò fi lè fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ wo ló tún kù tí wọ́n á ti jẹ́ kí ènìyàn wọ yàrá gbogbo ẹni?

Nítorí náà ẹ má rò pé mò ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n yàrá yẹn ń bọ̀ wá wó lé yín lórí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí i.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹwàá

Ìyá mi,

Mo ti ń wọ̀nà fún lẹ́tà yín títí ojú mi fi fẹ́ bọ́. Ẹni tó ń pín lẹ́tà níbí ti mọ̀ mí. Tó bá ti rí mi lẹ́nu géètì, á mi orí láti òkèèrè kí n má baà dìde. Mo pe nọ́ńbà káfíńtà, kò lọ.

Ewé ti ń já bọ́ níbí, eku ti ń wá ibi tí yóò ti fara pamọ́ fún òtútù. Ihò tí ìka ọwọ́ bá wọ̀, eku wọ̀ ọ́. A ń fi wáyà irin àti sìmẹ́ńtì dí abẹ́ síńkì kiri. Lọ́dọ̀ yín náà, bí òjò bá ti dá tí koríko sì gbẹ, ilé ni gbogbo eku oko ń sá bọ̀. Ẹ gbé àpò ìyẹ̀fun kúrò nílẹ̀, ẹ dà á sínú ike tó ní ìdérí. Bí ẹ ò bá ka nǹkan míì nínú lẹ́tà mi, ẹ ka ìyẹn.

Bí inú bá ń bí yín, ẹ kọ ìbínú náà ránṣẹ́. Ó sàn fún mi ju ìdákẹ́jẹ́ yìí lọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kọkànlá

Kékeré mi,

Inú kọ́ ló ń bí mi. Orí ìdùbúlẹ̀ ni mo wà. Mo ti ń jókòó báyìí, mo fi ìrọ̀rí ti ìbàdí, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń kọ èyí.

Kí lẹ́tà rẹ tó dé, eku ti dé. Wọ́n já àpò ìyẹ̀fun nídìí. Ìyàwó tẹ́lọ̀, ẹni tó máa ń ra búrẹ́dì fún àwọn ọmọ rẹ̀, gbé ọ̀kan padà wá, ó bù ú sí méjì níwájú gbogbo èrò, ó fi ìgbẹ́ eku tó wà nínú rẹ̀ hàn mí. Kò pariwo. Ó kàn gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ. Láti ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó tò síwájú ilé mọ́. Mo pa iná ààrò.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí mi ò rí iṣẹ́ ṣe, mo lọ dúró síwájú yàrá náà. Mo ní, "Àwọn ènìyàn ti fi mí sílẹ̀ nítorí rẹ o." Mo fara ti ilẹ̀kùn. Kò dún, kò ké. Ó kàn gbà mí wọlé bí ẹni pé ó ti ń retí mi, ó ṣubú tòun ti férémù.

Kékeré, gbogbo nǹkan wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà. Tábìlì wà, ìwé rẹ̀ tò sórí rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì wà lára ìṣó. Mo dúpẹ́. Mo ní mo pa àdéhùn mọ́. Mo na ọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀tì náà kí n gbóòórùn rẹ̀, iwájú rẹ̀ nìkan ló tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti di amọ̀ lára ògiri. Mo mú ìwé kan, èèpo ni mo mú, iyẹ̀pẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, awọ rẹ̀ ló kù. Mo já lulẹ̀, ìbàdí mi sì dún.

Ibi tí mo ṣubú sí ni mo ti rí ìtẹ́ eku, tìyá tọmọ, búrẹ́dì mi kún ibẹ̀. O fẹ́ gbọ́ ọ, àbí? O jàre.

Káfíńtà gbọ́ igbe mi, ó wá gbé mi jáde. Ó rò pé ìbàdí ló ń mú mi ké. Mi ò ké nígbà tí wọ́n sọ ti ọkọ̀ ojú omi, mi ò sì ké láti ìgbà náà. Ọjọ́ yẹn ni mo ké.

Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ nìyí. Káfíńtà tẹ̀lé ọ̀nà tí ikán fi amọ̀ kọ́ lára ògiri. Ó ní kì í ṣe yàrá yẹn ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Abẹ́ ògiri ni wọ́n gbà, láti yàrá kejì. Yàrá tìrẹ. Mi ò sọ fún ọ rí, ṣùgbọ́n mo ti òun náà pa láti ọjọ́ tí o ti lọ. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan rẹ. Káfíńtà fẹ́ ṣí i, mo ní kó dúró kí n gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejìlá

Ìyá mi,

Ẹ ṣí i. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́ ni kí ẹ ṣí i.

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrora. Nígbà tí mo ka ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ yàrá mi, mo dìde lọ wo ojú ara mi nínú dígí bíi wèrè. Mo wà láàyè, ìyá mi. Mò ń jẹun, mò ń bá ọ̀gá mi jiyàn, mò ń wúkọ́ nítorí òtútù. Kí ló dé tí ẹ fi ti yàrá mi pa bí ti ẹni tí kò ní bọ̀ mọ́?

Ẹ sọ fún káfíńtà pé kó má kàn da oògùn sórí ọ̀nà amọ̀. Kó wú ilẹ̀ yàrá mi títí á fi dé ìtẹ́ wọn, kó yọ abo ńlá tó ń yé ẹyin. Bí ìyẹn bá ṣì wà, asán ni gbogbo rẹ̀. Kó da oògùn yí ìpìlẹ̀ ilé ká kí òjò tó padà, kó bo imú. Kí ẹ̀yin má sùn nínú ilé lọ́jọ́ náà. Ẹ jó igi tó ti bàjẹ́. Ẹ jó nǹkan mi, gbogbo rẹ̀.

Ìdun ni mò ń pa lásìkò yìí. Òtútù ti kó gbogbo ènìyàn sínú ilé, ẹrù àlejò ló sì ń gbé ìdun wọlé. Lánàá mo fẹ́ gbé mátírẹ́ẹ̀sì ẹnìkan sókè, ẹ̀rù bà mí láti fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Mo dúró síbẹ̀ títí onílé fi bi mí bóyá ara mi yá.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kìíní

Kékeré,

A ti ṣí i. A ti wú u. Abẹ́ ibi tí orí bẹ́ẹ̀dì rẹ wà gan-an ni abo ńlá náà wà. Ó tóbi ju àtàǹpàkò mi lọ, ó funfun, ó ń mí. Kò lè rìn. Ó kàn wà nínú òkùnkùn níbẹ̀, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá a. Káfíńtà ní kí n má wò ó. Mo wò ó.

A jó gbogbo nǹkan lẹ́yìnkùlé. Mo tún dáná ààrò. Ìyàwó tẹ́lọ̀ wá, ó ní kí n ṣí ike ìyẹ̀fun kí òun wò ó, mo ṣí i, ó ki orí bọ inú rẹ̀ bí ọlọ́pàá. Ó ra búrẹ́dì kan. Àwọn yòókù ti ń padà wá.

Yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ ti dákẹ́. Mo ń dúró lọ́dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, sìmẹ́ńtì tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, kò sí nǹkankan. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yìí ó bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá tìrẹ. Yàrá náà ṣófo. Kò sí bẹ́ẹ̀dì, kò sí eku, a ti dí gbogbo ihò, oògùn ṣì ń rùn níbẹ̀. Kì í sì ṣe ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń fi gìgísẹ̀ lulẹ̀ ni, bí ìwọ ṣe máa ń rìn tí mo fi máa ń jágbe mọ́ ọ. Á lọ, á bọ̀, á dúró díẹ̀, á tún lọ. Mo pe káfíńtà, ó bọ́ bàtà, ó dúró tì mí. Ó ní òun ò mọ nǹkankan lára. Ṣùgbọ́n kò wò mí lójú.

Mi ò ní béèrè nǹkan púpọ̀. Ṣé o wà? Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ kọ èsì. Fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́. Ṣé o wà?

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù Kejì

Ìyá mi,

Mo wà. Ọwọ́ mi nìyí, ẹ wò ó, ó ń wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni.

Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ikọ́ yẹn ló di ńlá, òtútù pẹ̀lú oògùn tí mò ń fà símú láti ọdún wọ̀nyí wá. Mo ṣubú nínú ilé oníbàárà kan, ọ̀gá mi ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Ẹnì kejì mi nínú yàrá kò jí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ náà èmi náà rò pé ó ti tán. Nígbà tí ara mi gbé e díẹ̀, nọ́ọ̀sì ní kí n máa rìn ní ìrọ̀lẹ́ kí àyà mi lè là. Mo ń rìn láti ibùsùn dé ojú fèrèsé, mo ń fi gìgísẹ̀ lulẹ̀ torí kò sí agbára láti gbé ẹsẹ̀. Mo máa ń dúró díẹ̀ lójú fèrèsé, kí n tó padà.

Ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé, mo kà á, mo bo ojú mi mọ́lẹ̀. Èmi tí mo ní eku ni, mi ò sọ pé eku ni mọ́.

Mo ń bọ̀ wálé. Ọ̀gá mi ti gbà. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ mo máa wà níbẹ̀, èmi àti káfíńtà á jọ pààrọ̀ igi òrùlé. Ẹ bá mi wá mátírẹ́ẹ̀sì kékeré kan, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú yàrá mi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀dógún, oṣù Kẹfà

Kékeré mi,

Ṣé o dé ibẹ̀ láyọ̀? Ṣé àyà náà fúyẹ́? Ilé tóbi jù lẹ́yìn tí o lọ. Èmi àti ìwọ jẹun nínú rẹ̀ fún odidi ìbẹ̀rẹ̀ òjò, mo tún wá ń jẹun lóròó nídìí ààrò bí àlejò.

Òrùlé ò jò. Ẹ̀sunsun fò lẹ́yìn tí o lọ, ìta ni wọ́n ti fò, mo pa iná pálọ̀ títí wọ́n fi kọjá. Mò ń da omi agolo nù, mò ń fi èékánná họ igi ilẹ̀kùn bí o ṣe kọ́ mi. Káfíńtà ní mo ti ń gba iṣẹ́ òun ṣe.

Olùkọ́ obìnrin tí o fún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ ti kó wọlé. Kì í ti fèrèsé nírọ̀lẹ́ kí ẹ̀fọn má wọlé, ohùn rẹ̀ ò sì dára, orin ló sì fẹ́ràn. Mo ti ń mọ́ ọn lára.

Lánàá ó dúró níwájú fọ́tò yín méjèèjì nínú pálọ̀. Ó ní, "Màmá, mo mọ ẹni kékeré yìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́?" O mọ ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ayé, pé ó rìnrìn àjò. Mo ti ya ẹnu láti sọ ọ́. Ohun tó jáde ni pé, "Ó ti kú."

Mi ò sọ ọ́ rí, Kékeré. Ó dún létí mi bí ẹni pé obìnrin míì ló sọ ọ́. Olùkọ́ náà ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Mo ní kó ṣeun. Mo padà sídìí ìyẹ̀fun, mo pò ó tán.

Mi ò ní sàréè kan tí mo lè tọ́ka sí. Mi ò rí ẹni tó rí i. Bóyá irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Bó bá wà níbì kan, tó ń mí, tí èmi ìyá rẹ̀ sì ti fi ẹnu ara mi pa á, kó bínú sí mi. Kó bọ̀ wá sílé yìí wá bá mi jà. Kó pariwo lé mi lórí níwájú gbogbo oníbàárà, kó pè mí ní ìkà. Mi ò ní fèsì. Màá jẹ́ kó sọ ọ́ títí á fi rẹ̀ ẹ́.

Ìyá rẹ.